Ẹ̀bùn Àjò tí Àyọ̀ká Mú Bọ̀ Láti Erékùṣù

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀ o!

Àlọ́ mi wọ ọkọ̀, ó tukọ̀ títí, ó gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ Àyọ̀ká, Ìbídùn ọmọ rẹ̀, àti ẹyẹ òkun funfun kan. Ìwọ tó ń tòògbé yẹn, sún mọ́bí.

Etí òkun ni Àyọ̀ká ń gbé. Wọ́n sọ fún un pé àwọn erékùṣù kan wà lọ́nà jíjìn, tí irú ẹranko ibẹ̀ kò sí níbòmíràn. Ó ní òun gbọ́dọ̀ fojú òun rí i.

Ìbídùn di aṣọ rẹ̀ mú. "Màámi, kí lẹ máa mú bọ̀ fún mi?"

"Ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí."

Ẹ ṣáà mọ̀ pé abiyamọ kì í ti àjò dé lọ́wọ́ òfo.

Ó dé erékùṣù kìíní. Alángbá ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun. Alángbá ò ṣeé mú. Ó dé ìkejì. Akàn ń gun igi àgbọn. Díẹ̀ ló kù kí akàn gé e níka. Ó dé ìkẹta. Ẹyẹ funfun kan sàba lórí iyanrìn, kò sá. Kò rí ènìyàn rí, kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun sá.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ewu òkun," ni ẹyẹ wí. "Ebi ń pa mí, bẹ́ẹ̀ ẹyin kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹ bá mi ṣọ́ ọ, kí n wá ẹja lọ."

"Máa lọ, n ó ṣọ́ ọ."

Ẹyẹ lọ. Àyọ̀ká wo ẹyin náà. Ó rí rògbòdò, ó ní àmì dúdú lára. Ó rántí Ìbídùn. Háà, Àyọ̀ká! Ó fi gèlè wé e, ó bọ́ sínú ọkọ̀, ó di ilé.

Ẹyẹ dé, kò bá ẹyin. Ebi ò jẹ́ nǹkan mọ́. Ó fò tẹ̀lé ọkọ̀, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Àyọ̀ká, ẹyin mi dà o?
*Ọmọ mi, ọmọ mi.*
Mo fọkàn tán ọ, mo fọmọ sílẹ̀,
*Ọmọ mi, ọmọ mi.*

Àyọ̀ká ò wẹ̀yìn.

Nílé, Ìbídùn gbé ẹyin sétí. "Màámi, nǹkan ń ké nínú ẹ̀!" Orin sì ń dún lórí òrùlé. Ọmọ náà bú sẹ́kún. "Màámi, bí ẹnìkan bá gbé èmi lọ ńkọ́?"

Ojú ti Àyọ̀ká. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá ẹyẹ, ìfẹ́ ọmọ tèmi ló jẹ́ kí n gbàgbé pé ìwọ náà ń tọ́mọ. Jọ̀ọ́, foríjì mí."

Ìbídùn gbé ẹyin sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹyẹ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé, ó ràdọ̀ bò ó, kò pẹ́, ọmọ yọ orí. Ìbídùn ju ẹja sí ìyá ẹyẹ, ó jẹ ẹ́. Ó foríjì wọ́n. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́.

Ìdí nìyẹn tí ẹyẹ òkun fi ń tẹ̀lé ọkọ̀ títí dòní, tó ń ké, tó ń yọjú wo inú rẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó dé etí òkun. Apẹja tó mọ ìtàn yìí a ju ẹja sí i, a ní, "Má bínú, ìyá. Ọmọ ẹ ò sí lọ́dọ̀ wa."