Kọfí Tí Wọ́n Rà De Ẹ̀gbọ́n

Olùkọ́ kan wà ní ìlú kan lórí òkè, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tó sì fẹ́ràn kọfí gidigidi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ra ẹ̀rọ kan fún un, èyí tó ń fi agbára ti omi gbígbóná gba inú kọfí lílọ̀ kọjá, tí kọfí á sì jáde ní kíki, ìwọ̀n ife kékeré kan. Láràárọ̀ ló ń lò ó. Obìnrin kan ládùúgbò ló ń ta hóró kọfí fún un. Fúnra obìnrin náà ló ń yan kọfí oko rẹ̀, á dì í sínú ọ̀rá, á sì kọ ọjọ́ tó yan án sí i lára.

Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ló kù fún olùkọ́ yìí láyé. Òun ló gbé e pọ̀n nígbà tí ìyá wọn kú, òun ló sì ta aṣọ ara rẹ̀ kí àbúrò lè parí ìwé. Ojú ẹ̀gbọ́n yìí ti fọ́ báyìí. Òórùn ló kù tó ń gbádùn: òórùn òjò, òórùn ọṣẹ, pàápàá òórùn kọfí, nítorí kọfí ni bàbá wọn gbìn, òun ló sì máa ń yan án fún bàbá.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ lọ sí ìlú ńlá, ó sì ra agolo hóró kọfí tó wọ́n jù lórí àtẹ. Agolo náà ń dán, àwọ̀ wúrà ni wọ́n fi kọ̀wé sí i. Ó ní, "Kọfí inú ọ̀rá kọ́ ni màá fún ẹni tó tọ́ mi." Ó gbé e sórí pẹpẹ, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí ẹ̀gbọ́n òun yóò fi wá.

Òjò rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn dé, òjò tún rọ̀. Níkẹyìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n náà mú ìyá rẹ̀ wá. Inú olùkọ́ dùn dé góńgó. Ó gbé agolo wálẹ̀, ó lọ hóró náà, ó tan ẹ̀rọ. Ohun tó jáde ń ṣàn wéréwéré bí omi eérú. Kò sí ìfófòó pupa tó máa ń bo ojú kọfí rẹ̀ láràárọ̀. Síbẹ̀, ó gbé ife náà lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n náà gbé e sún mọ́ imú.

"Ajíbóyè, kí lo bù fún mi yìí?"

"Kọfí ni, ẹ̀gbọ́n mi. Èyí tó dára jù lọ ni. Láti èṣín ni mo ti rà á dè yín."

"Láti èṣín? Ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀. Bí wọ́n bá ti yan kọfí, kì í dúró de èèyàn." Ó rọra gbé ife sílẹ̀. "O rà á dè mí. Ilé mi kò ju ìrìn wákàtí kan lọ nínú ọkọ̀. Kí ló dé tí o kò bu ẹ̀kúnwọ́ kan wá fún mi nígbà tó ṣì ń ta sánsán?"

Olùkọ́ padà sí ilé ìdáná, ó mú ọ̀rá kọfí tí òun fúnra rẹ̀ ń mu. Ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn ni wọ́n yan án. Bó ti ń lọ̀ ọ́, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ife tuntun náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kò tètè mu ún. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó dà bí ẹni pé bàbá wa wọlé," ló wí.

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ìgbà tí aládùúgbò bá ti yan kọfí, olùkọ́ á ra ọ̀rá méjì, á sì wọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ló rí i ṣe. Ní oṣù kẹwàá, ẹ̀gbọ́n náà sùn, kò jí.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé inú rẹ dára. Ilé ni o fẹ́ kọ́ fún ẹni tó tọ́ ọ, ayẹyẹ ńlá lo sì ń múra rẹ̀ sílẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n oore náà kì í dúró de èèyàn. Kí lo ṣe fún un lọ́sẹ̀ yìí? Ìgbà wo ló gbóhùn rẹ kẹ́yìn? Má ṣe dá mi lóhùn. Dìde, lọ kí i.