Èèpo Igi Tí Àwẹ̀ró Kó Pamọ́

Ẹfúnyẹlá ni orúkọ obìnrin náà, ṣùgbọ́n àwọn ará Òkè-Àgbède kì í fi orúkọ yìí pè é mọ́. Aṣẹ́gità ni wọ́n ń pè é, nítorí pé igi ni ó ń ṣẹ́ nínú igbó, òun náà ni ó sì ń tà kí ó tó jẹun. Kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bí i bá. Àgbẹ̀ ni Akínlàjà, ọkọ rẹ̀, kò sì sí ọdún tí iṣu wọ́n wọn nílé nígbà tí ó wà láyé. Àìsàn kan ni ó dá a dùbúlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé, Akínlàjà ti lọ. Ohun tí ó kù sílẹ̀ fún Ẹfúnyẹlá kò ju yàrá kan lẹ́yìn agboolé, àdá tí ojú rẹ̀ ti jẹ, àti ọmọbìnrin kékeré kan tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró, tí kò tíì mọ ohun mìíràn ju kí ó di etí aṣọ ìyá rẹ̀ mú, kí ó sì máa tẹ̀ lé e kiri.

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ni tìyá tọmọ máa ń gba ọ̀nà igbó lọ. Ìyá á máa gé igi, ọmọ á jókòó sábẹ́ igi kan, á máa lé eṣinṣin. Nígbà tí oòrùn bá gun òkè, Ẹfúnyẹlá á di igi rẹ̀, á kúnlẹ̀, á fi orí gbà á, á wá di ọwọ́ mú igi kan kí ó tó lè dìde. Ẹrù náà ti tẹ ọrùn rẹ̀ wọ àárín èjìká. Bí ẹnikẹ́ni bá kí i lójú ọ̀nà pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o," ó máa ń dáhùn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ojú rẹ̀ máa ń wà. Ẹni tí ó ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kò lè gbé ojú sókè wo ẹni tí ó ń kí i.

Àwọn elépo ni oníbàárà rẹ̀. Wọn kì í fẹ́ igi tí èèpo wà lára rẹ̀ rárá, wọ́n ní èéfín rẹ̀ máa ń ba epo jẹ́. Nítorí náà, ilé ni Ẹfúnyẹlá máa ń kọ́kọ́ gbé igi wá, á jókòó sẹ́yìn yàrá rẹ̀, á bó èèpo rẹ̀ kúrò, á sì gbé igi tí ó mọ́ lọ fún wọn. Igi á lọ, èèpo á kù. Èèpo yìí ni ó fi ń dáná. Kò jẹ́ fi ẹyọ igi gidi kan se ọbẹ̀. Bí èèpo bá sì jóná tán, á kó eérú rẹ̀ sínú ìkòkò, òun ni ó fi ń se ọṣẹ tí wọ́n ń lò.

Bí ó ti ń ṣe gbogbo nǹkan nìyẹn. Obìnrin kan nínú agboolé gbé ọlọ tí àárín rẹ̀ ti jẹ sọ sí àkìtàn nígbà tí ó ra tuntun, Ẹfúnyẹlá lọ gbé e, ó yí i dé, ó ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ lọ ata. Ìkòkò rẹ̀ kò ní etí, ọ̀dọ̀ amọ̀kòkò ni ó ti tọrọ rẹ̀, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò ní ra á bẹ́ẹ̀. Igbá rẹ̀ méjèèjì ni ó ti fọ́, tí ó sì ti gba kàsẹ́. Nígbà tí ẹní tí wọ́n ń sùn sí fà ya láàárín, ó gé ibi tí ó ya kúrò, ó fi okùn so ìyókù pọ̀. Ẹní náà wá kúrú, ó sì di dandan kí tìyá tọmọ máa ká ẹsẹ̀ kò bí wọ́n bá dùbúlẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ nìkan ni àkókò tí Àwẹ̀ró máa ń rí ìyá rẹ̀ gbà lọ́wọ́ igi. Ẹfúnyẹlá á fi ẹ̀yìn ti ògiri, á na ẹsẹ̀, Àwẹ̀ró á sì lọ ṣa àwọn èèpo tí ó nípọn, tí ó sì fúyẹ́, á kó wọn lé ìyá rẹ̀ nítan.

"Ìyá mi, kí ni ká fi èyí ṣe?"

"Wò ó dáadáa. Kí ni o rí lára rẹ̀?"

"Ẹja."

"Ó dáa, ẹja ni."

Ẹfúnyẹlá á mú ọ̀bẹ kékeré, á gé ìrù fún un, á fi ṣóńṣó ọ̀bẹ lu ojú sí i. Báyìí ni wọ́n ṣe ní ẹja, tí wọ́n ní pẹ́pẹ́yẹ, tí wọ́n sì ní ọkọ̀ tí Àwẹ̀ró ń gbé sínú omi òjò lẹ́yìn ilé. Wọ́n gbẹ́ ọmọ kan pẹ̀lú, ọmọ tí orí rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Àwẹ̀ró sọ ọ́ ní Ẹnìkejì, ó sì ń fi àjákù gèlè ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n káàkiri agboolé. Nígbà mìíràn, oorun á gbé Ẹfúnyẹlá lọ níbi tí ó ti ń gbẹ́ nǹkan. Àwẹ̀ró kì í jí i. Á rọra yọ ọ̀bẹ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, á gbé e sí ìdí ògiri, á wá jókòó ti ẹsẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi ta jí.

Ẹfúnyẹlá kò ka èyí sí nǹkan. Ohun tí ó máa ń wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé òun kò rí nǹkan fún ọmọ òun. Bí ó bá rí àwọn ọmọ mìíràn pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ ní ìdí, ojú máa ń tì í, á sì yí ojú sí ibòmíràn.

Nígbà tí òjò ọdún kejì wá le, ẹsẹ̀ Ẹfúnyẹlá yọ̀ ní ọ̀nà igbó, ó ṣubú tẹrùtẹrù. Orúnkún rẹ̀ wú. Kò lè lọ sí igbó, igi kò sì sí nílé tí ó lè tà. Ibi tí ó dùbúlẹ̀ sí ni Ọláyonwá ti wá bá a. Ọláyonwá yìí ni ẹ̀gbọ́n Akínlàjà obìnrin, oníṣòwò aṣọ ni, apá ìsàlẹ̀ ìlú ni ilé rẹ̀ wà. Ó gbé iṣu àti ẹja gbígbẹ wá. Bí ó ti wọlé, ó rí ìkòkò tí kò létí lórí iná èèpo, ó rí Àwẹ̀ró tí ó ń fún èèpo igi lóúnjẹ jẹ.

"Ìyàwó," ni ó wí, "ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé bí ara yín ti wá rí nìyí?"

"A dúpẹ́, ìyá mi. Kò sí bí a ti fẹ́ ṣe é."

Ọláyonwá jókòó, ó tẹjú mọ́ ọmọ náà fún ìgbà díẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n mú ọmọ yìí lọ sọ́dọ̀ mi. Gbogbo àwọn ọmọ mi ni ó ti lọ sílé ọkọ, ilé ti pa rọ́rọ́. Yóò rí oúnjẹ jẹ, yóò rí aṣọ wọ̀. Ọmọ Akínlàjà ni yóò máa fi èèpo igi ṣeré báyìí, bí ẹni tí kò ní ẹbí?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Ẹfúnyẹlá. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, ì bá rí ọ̀nà tí yóò fi pẹ̀lẹ́tù kọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kíkọ̀ gan-an ti di iṣẹ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ máa mú un lọ, ìyá mi," ni ó wí. "Ẹ ṣeun."

Àwẹ̀ró kò sunkún. Ó lọ sí igun yàrá, ó tẹ́ àjákù gèlè sílẹ̀, ó ń kó èèpo sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí ni o ń kó yẹn?" ni Ọláyonwá bi í.

"Ẹrù mi ni, ìyá."

Ọláyonwá rẹ́rìn-ín, ó fà á lọ́wọ́, wọ́n sì lọ.

Ilé Ọláyonwá kò ní àbùkù. Ọmọ náà ń jẹ ẹran. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi osùn pa á lẹ́sẹ̀, wọ́n so ìlẹ̀kẹ̀ pupa mọ́ ọn ní ìdí. Ọláyonwá rán ènìyàn lọ sọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà pé kí ó gbẹ́ ọmọláńgidi fún un, èyí tí a dirun fún tí ó sì ń dán. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì gbé ọmọláńgidi náà ti ògiri. Nígbà tí ó jókòó láti ṣeré, gèlè tí ó fà ya náà ni ó tú. Ọláyonwá rí i. Ó ní ọmọdé ni, yóò gbàgbé.

Ní ti Ẹfúnyẹlá, nígbà tí orúnkún rẹ̀ sàn díẹ̀, ó padà sí igbó. Ó ń bó èèpo igi bí ó ti ń bó o tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ó bá bọ́ sí ni ó ń wà, tí àwọn ewúrẹ́ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ìrọ̀lẹ́ bá dé, ó máa ń fi ẹ̀yìn ti ògiri bí ìṣe rẹ̀, oorun kò sì ní í wá.

Ó di ọjọ́ kan tí Ọláyonwá ń retí àwọn tí yóò wá ra aṣọ láti ọ̀nà jíjìn. Ó ń tú àwọn aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń gbá yàrá, ni ó bá rí i tí kòkòrò ń jáde láti inú ìdì èèpo Àwẹ̀ró, ó sì ti ń rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì aṣọ. Ohun tí kòkòrò bá jẹ nínú aṣọ, ta ni yóò ra á? Kò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó kó gbogbo rẹ̀, ó gbé e lọ sí ìdí àdògán níbi tí iṣu ti ń hó lórí iná, ó sì dà á sínú iná. Èèpo gbígbẹ ni, iná náà ru sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀yìnkùlé ni Àwẹ̀ró ti ń bọ̀. Ó rí gèlè òfìfo lọ́wọ́ Ọláyonwá, ó wo iná. Kí àgbàlagbà náà tó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, ọmọ náà ti ki ọwọ́ bọ iná.

Igbe Ọláyonwá ni ó kó àwọn aládùúgbò jáde, nítorí ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò ké. Wọ́n fà á sẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ ti bó láti orí ìka dé ọrùn ọwọ́, ṣùgbọ́n ó di ìkúùkù rẹ̀ mọ́ Ẹnìkejì, tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti di èédú. Wọn kò rí ọwọ́ náà ṣí títí wọ́n fi da omi tútù sí i.

Ọláyonwá gbé e lé itan, ó ń fi oyin pa ojú iná náà. "Àwẹ̀ró, o fẹ́ pa mí ni? Kí ni mo máa sọ fún ìyá rẹ? Èèpo igi lásán! Mo ní kí wọ́n gbẹ́ ọmọláńgidi fún ọ, ìwọ ń ki ọwọ́ bọ iná nítorí èèpo igi!"

"Kì í ṣe lásán, ìyá," ni ọmọ náà wí. Ìgbà yìí ni omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lójú rẹ̀. "Orí ni ìyá mi fi rù ú wá láti inú igbó. Gbogbo igi ni wọ́n ń tà. Èyí tí wọn ò tà, èmi ni wọ́n fún."

Àwọn aládùúgbò ń wo ilẹ̀. Iṣu tí ó wà lórí iná jó, ẹnikẹ́ni kò sì rántí rẹ̀.

Nígbà tí ó yá, Ọláyonwá dìde. Kò dúró de àwọn tí ó fẹ́ ra aṣọ mọ́. Ó pọn ọmọ náà sẹ́yìn ara rẹ̀, òun àgbàlagbà tí ó ti bí ọmọ-ọmọ, ó sì gba àárín ìlú kọjá lọ sí ilé Ẹfúnyẹlá. Ó bá a níbi tí ó jókòó sí, tí ó ń bó igi. Bí Ẹfúnyẹlá ti rí ewé tí wọ́n fi di ọwọ́ ọmọ rẹ̀, àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó, ẹ má pariwo," ni Ọláyonwá wí. "Ẹ̀mí wà. Èmi ni mo ṣe é, n kò sì mọ̀ pé mo ń ṣe é." Ó jókòó sílẹ̀ lórí èèpo tí ó wà káàkiri, ó sì rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹfúnyẹlá gba ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ó ní, "Ìyá mi, ohun tí ó jẹ́ kí n yọ̀ǹda rẹ̀ ni pé mo rò pé n kò ní nǹkan kan tí mo lè fún un."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," ni Ọláyonwá dáhùn. "Gbogbo ohun tí mo ní ni mo kó síwájú rẹ̀. Ohun tí ẹ fún un ni ó ń náání."

Ọwọ́ Àwẹ̀ró jinná, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àpá rẹ̀ kò parẹ́. Ọláyonwá kò tún bèèrè pé kí ọmọ náà wá bá òun gbé mọ́, ṣùgbọ́n ó ń gbé oúnjẹ wá nígbà tí òjò bá pọ̀, ó sì máa ń jókòó pẹ́. Ẹfúnyẹlá kò bọ́ lọ́wọ́ igi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí ọmọ rẹ̀ padà sílé gan-an, ó gbé àdá, ó gba ọ̀nà igbó lọ, ọrùn sì ń dùn ún bí ó ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dé, tí ó bó igi rẹ̀ tán, kì í jẹ́ kí ewúrẹ́ sún mọ́ èèpo rẹ̀ mọ́.

Bí Ọláyonwá bá sì gbọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú ìlú ń fi ohun tí ẹlòmíràn ní ṣe yẹ̀yẹ́, á ní kí onítọ̀hún jókòó, á sọ ìtàn ọmọ àbúrò òun fún un. Ẹnu rẹ̀ ni àwọn àgbà ti gbà á, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí di òní pé: ohun tí a bá ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.