Ìjàpá, Oníbodè Ọ̀nà Iyọ̀

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó gba ọ̀nà oko, ó gun orí afárá, ó já lé Ìjàpá ọkọ Yánníbo lórí gbì! Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tí ọba àti ìyálọ́jà rán ní iṣẹ́ kan náà, tó wá ń sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ fún oníkálukú, kí ni yóò kẹ́yìn rẹ̀? Ẹ fetí sílẹ̀.

Láyé àtijọ́, iyọ̀ wọ́n nílùú àwọn ẹranko. Èbúté lọkọ̀ ojú omi ń já a sí, ẹ̀gún àti odò sì wà láàárín. Obẹ̀ tẹ́ lẹ́nu títí, ó sú wọn. Ni Erin ọba bá pe Awó, olórí àwọn oníṣòwò.

"Ìyálọ́jà, ẹ jẹ́ ká jọ la ọ̀nà."

"Kábíyèsí, kí ni tiyín, kí ni tiwa?"

"Èmi ni n ó pèsè ilẹ̀ àti òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin ẹ bọ́ wọn."

Erin tẹ igbó mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ. Àwọn oníṣòwò kó okùn wá, wọ́n so afárá kọjá odò. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, tọmọdé tàgbà ń fò sókè! Wọ́n wá fẹnu kò pé ẹni tó bá ń ru iṣu lọ fi pààrọ̀ iyọ̀ yóò fi ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́nu ibodè. Òun ni wọn yóò fi bọ́ àwọn tí yóò máa pààrọ̀ okùn afárá lọ́dọọdún.

"Ta ni yóò ṣe oníbodè?"

Ìjàpá na ọrùn. "Èmi ni o! Ta ló rí mi rí tí mo gbẹ́rù sáré?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà.

Iṣu ń wọlé lójoojúmọ́. Ìjàpá sun ún, ó sè é, ó gún un. Nígbà tí okùn tó pààrọ̀, Erin ránṣẹ́ bi í bóyá oúnjẹ òṣìṣẹ́ ti pé.

"Ẹ sọ fún Kábíyèsí pé àwọn oníṣòwò ò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Wọ́n ní ọ̀nà ọba ni, kí ọba tún un ṣe."

Inú bí Erin, ó dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró. Awó náà dé.

"Ìjàpá, afárá ń mì o!"

"Ìyá, ọba ló ní iṣu ò tó. Ẹ máa fi méjì méjì sílẹ̀."

Awó kùn, ṣùgbọ́n ó fi osùn sàmì sí iṣu méjì, ó sì fi wọ́n sílẹ̀. Ìjàpá wọlé, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín kẹ́kẹ́. Ó ní bí ọgbọ́n bá pin, ọ̀dọ̀ òun ló pin sí. Àwọn tó ń kọjá, orin ni wọ́n fi ń ki ara wọn láyà:

*Afárá, rọra o,*
*Fìì, rọra.*
*Mo gbẹ́rù lórí o,*
*Fìì, rọra.*
*Ọmọ ń retí iyọ̀ nílé,*
*Fìì, rọra.*

Lọ́jọ́ kan, ariwo ta: "Ọkọ̀ iyọ̀ mẹ́wàá ti gúnlẹ̀!" Igbó dàrú fáyọ̀. Ìjàpá ní òun ò ní kẹ́yìn. Ó di iṣu tó kù sápò, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó kó sórí afárá ṣáájú gbogbo ayé. Ìṣísẹ̀ kẹta ló gbé, fàù! Okùn já. Ìjàpá há sáàárín okùn, orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè. Àpò tú, iṣu dà sétí odò gbìrìgbìrì.

Erin àti Awó dé lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kábíyèsí, èéṣe tí ẹ ò tún afárá ṣe?"

"Èmi? Ṣé ẹ fi oúnjẹ sílẹ̀ ni?"

"Méjì méjì là ń fi sílẹ̀!" Awó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa iṣu kan. "Osùn tí mo fi sàmì sí i rèé!"

Àwọn méjèèjì yíjú sí Ìjàpá tó ń fì dirodiro.

"Ẹ kọ́kọ́ fà mí gòkè ná," ó ní. "N ó ṣàlàyé."

Wọ́n kọjú sí odò. Iyọ̀ wà ní òdìkejì, wọ́n ń wò ó, ọ̀nà ò sí. Ibẹ̀ ni ìjàlọ ti jáde wá, kékeré kékeré. Ọ̀kan di èkejì lẹ́sẹ̀ mú, èkejì di ẹ̀kẹta mú, títí wọ́n fi nà dé òdìkejì, wọ́n sì fa okùn tuntun kọjá. Orí Ìjàpá ni wọ́n gbà, wọ́n ń ta á bí wọ́n ti ń lọ!

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, iyọ̀ wọ gbogbo obẹ̀, àfi ti Ìjàpá tí wọ́n fà gòkè, tí wọ́n sì lé kúrò ní ibodè.

Ìjàlọ ni wọ́n fi ṣe oníbodè. Ṣùgbọ́n wọn ò fi ọ̀nà lé ẹnì kan lọ́wọ́ mọ́: ìdajì ń ṣọ́ ọ fún ọba, ìdajì fún àwọn oníṣòwò, wọ́n sì kọjú síra wọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé dòní, bí ìjàlọ bá ń lọ, àwọn tí orí wọn tóbi a dúró lọ́tùn-ún lósì, wọn a lanu sílẹ̀, àwọn tó ru ẹrù a sì gba àárín kọjá.

Àlọ́ mi ti sọ ẹrù o. Bí mo bá fi irọ́ kan là á, kí ìjàlọ ta mí láhọ́n. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni mo sọ, kí ẹnu mi dún lẹ́ẹ̀mẹta.

Pó! Pó! Pó!