Ọ̀wọ́n ló Bí Ọ̀pọ̀

"Ọ̀wọ́n ló bí ọ̀pọ̀, ọ̀pọ̀ ló sì bí ọ̀wọ́n." Òwe yìí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà ní Òṣogbo. Ṣé ẹ mọ orírun rẹ̀? Onídìrí kan tó ń jẹ́ Mopélọ́lá ló kọ́kọ́ pa á, aṣọ ilẹ̀kùn ló sì fà á.

Télọ̀ ni Gbádégẹṣin, ọkọ rẹ̀. Lọ́dún kan, mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà wọ́n. Mẹ́mọ́rì ni pátákó pẹlẹbẹ kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ wá a títí, wọn ò rí i rà. Àwọn tó ní i ń yan fanda. Gbádégẹṣin wò ó lọ wò ó bọ̀, ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ méjèèjì, ó sì fi owó náà ra mẹ́mọ́rì pamọ́. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó dá ẹ̀rọ kan sí. Ọkọ ní ojo ò lè là.

Àṣé òun nìkan kọ́ ló ronú bẹ́ẹ̀. Alápatà ra mẹ́mọ́rì, ẹlẹ́lùbọ́ rà á, àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe é lókè òkun náà sì tẹpá mọ́ṣẹ́. Kò pẹ́ tó fi pọ̀ bí eéṣú. Bí o bá ra ọ̀kan, wọ́n á fi òmíràn ṣe ènì. Nígbà tó yá, wọ́n ń bẹ èèyàn kó gba ènì náà.

Gbádégẹṣin padà sídìí aṣọ, ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ọmọ tó kọ́ níṣẹ́ ni. Bọ́tìnì ni wọ́n ní kó máa gán. Ojú tì í débi pé kì í fẹ́ rí àpótí mẹ́mọ́rì tí kò rí tà náà. Mopélọ́lá bá kó mẹ́mọ́rì inú rẹ̀ jáde, ó fi òwú so wọ́n pọ̀, ó fi wọ́n ṣe aṣọ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, wọ́n á máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, àwọn oníbàárà á sì máa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí èrè ò sí mọ́, àwọn iléeṣẹ́ dín iṣẹ́ kù. Ìgbà náà gan-an ni àwọn kọ̀ǹpútà ràgàjì kan dé, èyí tó ń dáhùn ìbéèrè bí àgbàlagbà. Wọ́n ń gbé mẹ́mọ́rì mì bí ẹni jẹ ẹ̀pà. Ọjà gbẹ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, oníkọ̀ǹpútà kan wọ ṣọ́ọ̀bù Mopélọ́lá, ó di aṣọ ilẹ̀kùn mú, ó ní òun fẹ́ rà á.

Wọ́n tà á fún un, wọ́n sì jèrè. Gbádégẹṣin ní kí àwọn yára fi owó náà ra mẹ́mọ́rì mìíràn.

Mopélọ́lá ò gbójú kúrò lórí irun tó ń dì. "Bàbá Ìbídùn, ọ̀wọ́n ló bí ọ̀pọ̀ níjelòó. Ọ̀pọ̀ náà ló bí ọ̀wọ́n tí a fi jèrè yìí."

"Kí wá ni ká ṣe?"

"Ọ̀wọ́n yìí náà ti lóyún. Ẹ lọ ra ẹ̀rọ yín."

Ó lọ rà á. Nígbà tí mẹ́mọ́rì tún kún ìgboro, aṣọ iléyá ló ń rán lọ́wọ́.

Nítorí náà, bí àgbà bá rí ẹni tó fẹ́ ta irinṣẹ́ rẹ̀ torí ọjà tó ń yá, á ní ọ̀wọ́n ló bí ọ̀pọ̀. Bó bá sì rí ẹni tí ọjà rẹ̀ kùtà, tó fẹ́ fi ìbínú dà á nù, á rán an létí pé ọ̀pọ̀ náà ló bí ọ̀wọ́n.