Igbá Eérú Abẹ́jẹ

Láyé ìjọ́un, ọdún méjeméje ni wọ́n ń yan Baálẹ̀ ní Ìdó-Àbàtà. Ẹni tí èrò bá tò sẹ́yìn rẹ̀ jù ló ń jẹ ẹ́. Òfin ìlú náà le. Bí ẹnikẹ́ni bá finá sun ilé pa ènìyàn, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ kó eérú ilé náà sínú igbá, yóò gbé e lọ sílé Baálẹ̀. Bí eérú bá ṣì wà nínú igbá, ọ̀daràn kò ní kúrò nínú ṣẹkẹṣẹkẹ̀. Baálẹ̀ nìkan ló lè da eérú náà nù, kò sì sẹ́ni tó dá ọjọ́ fún un.

Abẹ́jẹ, opó kan, gbé irú igbá bẹ́ẹ̀ lọ. Òun àti Ògúnkẹ́yẹ ló jọ ń fa ọ̀rọ̀ ààlà oko, ni ọkùnrin náà bá finá sí ilé rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì jóná mọ́lé, wọ́n sì fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ de Ògúnkẹ́yẹ.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n yan Baálẹ̀, ọkàn Baálẹ̀ Láṣèbíkan kò balẹ̀ mọ́. Agbo ilé Ògúnkẹ́yẹ ló tóbi jù nílùú. Ó gbé igbá Abẹ́jẹ jáde sí gbangba.

Ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀ ẹ́: "Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a yan Baálẹ̀ tán ná. Bó bá jẹ́ àánú ni, àánú kì í jẹrà."

"Àṣẹ tí mo ní lónìí, ṣé o mọ̀ bóyá màá ní in lọ́la?" Láṣèbíkan dáhùn, ó sì da eérú náà. Ọyẹ́ ń fẹ́; atẹ́gùn gbé e padà sí i lójú. Ó nu ojú, ó rẹ́rìn-ín. Àánú kọ́ nìyẹn o. Òkú ọmọ ọlọ́mọ ló fi ra èrò. Abẹ́jẹ gbé igbá rẹ̀ tó ṣófo nílẹ̀, ó lọ sílé.

Láṣèbíkan borí. Kò pé oṣù méjì, Ògúnkẹ́yẹ tún ń jà du ààlà, pẹ̀lú Ládépò, ọmọ kan ṣoṣo tí Baálẹ̀ bí. Ògúnkẹ́yẹ ti mọ̀ pé ẹnìkan wà tí yóò bá òun da eérú. Lọ́sàn-án gangan, ó ti ilẹ̀kùn ahéré mọ́ Ládépò níbi tó ti ń sùn, ó finá sí i.

Baálẹ̀ kúnlẹ̀ nídìí ahéré tó jó, kò rí nǹkan kó eérú sí. Abẹ́jẹ gba àárín èrò kọjá, ó gbé igbá kan kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò bú u.

"Baálẹ̀, ẹ fi èyí kó o. Òfìfo ni. Ẹ̀yin náà lẹ da ohun tó wà níbẹ̀ nù."

Ọjọ́ náà ni ìlú ṣòfin pé Baálẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan igbá eérú lọ́dún tí wọn yóò bá yan Baálẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í jí òkú. Nígbà tí Láṣèbíkan gbé igbá náà wọ̀lú, tí atẹ́gùn ń fẹ́ eérú ọmọ rẹ̀ sí i láṣọ, àwọn àgbà kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ ju èyí tí a ń pa lówe títí dòní lọ: ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.