Ẹ́ńjìnnì Tuntun Inú Ọkọ̀ Sójà

Fọlárìn, o ti sọ tẹnu rẹ. Jókòó dáadáa, kí èmi náà sọ tèmi. Mi ò sọ pé n kò ní bá ọ lọ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo kàn fẹ́ kí o gbọ́ ìtàn ọkọ̀ kan, kí o tó gbé tìrẹ jáde.

Ọkùnrin ọlọ́kọ̀ kan wà ní abúlé tí mo ti kọ́kọ́ ṣe olùkọ́, lórí òkè, láàárín oko kòkó. Ọkọ̀ sójà ni ọkọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni àwọn ológun lu díẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn ní gbàǹjo, ó sì ra ọ̀kan. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ náà ló ń ṣiṣẹ́. Bí ti iwájú bá rì sínú ẹrẹ̀, ti ẹ̀yìn á tì í. Bí ti ẹ̀yìn bá rì, ti iwájú á fà á. Irin ara rẹ̀ nípọn débi pé bí o bá sọ òkúta lù ú, òkúta ni wàá ṣàánú. Nígbà òjò, kò sí ọkọ̀ mìíràn tó lè gun òkè wa.

Wọ́n kọ “Yóò Dé” sí iwájú rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n kọ. Yóò dé, àmọ́ kò sọ ọjọ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti darúgbó. Bí ó bá ń gòkè, àwọn obìnrin á bọ́ sílẹ̀, wọn á já ẹ̀fọ́ lẹ́bàá ọ̀nà, wọn á sì tún ṣáájú rẹ̀ dé òkè.

Ìsọ̀kalẹ̀ ní òfin tirẹ̀. Ibì kan wà tí à ń pè ní Olókùúta, tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ bí òrùlé. Bí ọkọ̀ bá dé ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dúró. Gbogbo èrò á bọ́ sílẹ̀, wọn á gba ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkọ̀ á wá fi jíà kìíní rọra máa sọ̀, ẹnì kan á sì máa bá a rìn pẹ̀lú wẹ́ẹ̀jì lọ́wọ́, ìyẹn ìtì igi tí wọ́n fi ń dá táyà dúró. Òfin yìí kò mọ olówó, kò mọ olóyè. Bíṣọ́ọ̀bù wá bẹ̀ wá wò lọ́dún kan, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi sọ Olókùúta, wọ́n ká aṣọ sókè títí dé orúnkún.

Òfin yìí ló há ìyá ọlọ́kọ̀ náà mọ́ orí òkè. Orúnkún ìyá ti daṣẹ́ sílẹ̀, kò lè rin gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Ojú rẹ̀ sì ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ ni dókítà ojú wà. Ọdún mẹ́fà gbáko ni ọmọ fi ń wa ọkọ̀ lọ sí ìlú tí ojú ìyá ń fọ́ lọ nílé. Ìyá bi í lẹ́ẹ̀kan níṣojú mi pé, “Ṣé o ò lè pọ̀n mí kọjá Olókùúta ni? Èmi náà pọ̀n ọ́ kọjá ibẹ̀ rí.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyá mi, èmi ọlọ́kọ̀? Kí gbogbo èrò máa wò mí bí mo ṣe gbé yín pọ̀n bí abiyamọ? Ẹ ní sùúrù. Inú ọkọ̀ ni ẹ ó jókòó sí dé ìlú, ẹsẹ̀ yín ò ní kanlẹ̀.”

Má ronú pé òǹrorò ni o. Ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ dé góńgó.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kú pátápátá, ṣe ni inú rẹ̀ dùn, ó ní ẹ́ńjìnnì tó lágbára ni yóò gbé ìyá òun kọjá Olókùúta. Ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta àlòkù ní Ìbàdàn, ó ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìgbàlódé kan wá. Kò tó ìdajì ti àtijọ́, agbára rẹ̀ sì ju ìlọ́po méjì lọ. Ó gbé e lọ fún mẹkáníìkì kan ní ẹsẹ̀ òkè. Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè é.

Fọlárìn, mo ti dàgbà, ojú mi ti rí nǹkan. N kò tíì rí irú iṣẹ́ yẹn rí. Ìgbà ìsinmi ilé-ìwé ni, ojoojúmọ́ ni mo ń lọ wo Ọ̀gá. Ẹ́ńjìnnì náà kò bá ọkọ̀ mu níbì kankan. Ihò ojú rẹ̀ kò bá ihò àpótí jíà mu. Ìjókòó rẹ̀ kò bá ìjókòó ti àtijọ́ mu. Ọ̀gá ya bébà àpò sìmẹ́ǹtì, ó fi ọ́ìlì dúdú kun ojú àpótí jíà, ó tẹ bébà mọ́ ọn, àwòrán gbogbo ihò yọ sí i. Ó ṣe bákan náà fún ẹ́ńjìnnì. Ó tẹ́ bébà méjèèjì lé ara wọn, ó jókòó tì wọ́n láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Lẹ́yìn náà ló gé irin pẹlẹbẹ kan, tó nípọn bí àtàǹpàkò, tí yóò wà láàárín àwọn méjèèjì bí alárinà. Fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n ọ̀bẹ ló fi ha á. Ọjọ́ mẹ́rin! Á ha á, á gbé e wò, á mi orí, á tún ha á. Lọ́jọ́ kẹrin, ó gbé e sí i, ó wọlé wọ̀ọ̀, irun kò lè gba àárín wọn kọjá.

Nígbà tí wọ́n ṣíná fún un, kò pariwo. Ó kàn mí sínú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ nínú àgbá irin arúgbó yẹn. Ara mi bù máṣọ. Mo ṣí fìlà mi. Ọlọ́kọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ọlọ́ìlì, ó ń pariwo pé, “Ọ̀gá, ẹ ti jí òkú!”

Ọ̀gá nu ọwọ́. Ó ní, “Ẹ́ńjìnnì ti wọlé, ọkọ̀ kò tíì parí. Bíréèkì kù. Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́wàá sí i.”

“Bíréèkì kẹ̀? Bíréèkì tí kò já mi kulẹ̀ láti ọdún mẹ́tàdínlógún! Mo ti ránṣẹ́ sílé pé ọ̀la ni.”

Ọ̀gá kò bá a jiyàn. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé wẹ́ẹ̀jì kan lọ́wọ́, ó bá wa wọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Àwọn èrò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní, “Ọ̀gá, iṣẹ́ ọwọ́ yín kò dá yín lójú ni?”

Ó ní, “Ìgòkè dá mi lójú.”

Bẹ́ẹ̀ ni a gbéra. Háà! Ọkọ̀ tó máa ń mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó oníkọ́, ó gun Olókùúta bí ewúrẹ́ ṣe ń gun àkìtàn. Ẹnikẹ́ni kò bọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó já ẹ̀fọ́. Ìyá kan ní òun kò tíì rójú tún gèlè òun wé tí àwọn fi dé. Àwọn ará abúlé tú jáde, àwọn àgbà ń fọwọ́ kan ọkọ̀ náà, wọ́n ń wojú ara wọn.  Mo rí ọkùnrin kan tó ń sunkún, kò sì mọ ohun tó ń pa òun lẹ́kún.

Ọlọ́kọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó kòkó sí i. Àpò méjìlá ni ọkọ̀ náà máa ń gbé tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó kó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ló wọlé lọ, ó gbé ìyá rẹ̀ jáde, ó gbé e jókòó síwájú. Ìyá ti wọ aṣọ tó ti ń tọ́jú sínú àpótí láti ọdún mẹ́fà. Kò ríran dáadáa mọ́, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa irin ọkọ̀ náà lára, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọ̀gá bi mí pé, “Ta ni ìyá tí wọ́n gbé síwájú yẹn?” Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, orúnkún, ojú, àti ọdún mẹ́fà. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, “Ṣé torí ìsọ̀kalẹ̀ ló ṣe ra ẹ́ńjìnnì yìí? Kò sọ fún mi. Ìgòkè nìkan ló ń sọ.”

Nígbà tí a dé Olókùúta, ọlọ́kọ̀ kò fẹ́ dúró. Ọ̀gá fi wẹ́ẹ̀jì lu irin ẹ̀yìn ọkọ̀ gbàgbàgbà títí ó fi dúró. Gbogbo wa bọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá lọ síwájú. Ó ní, “Ẹ gbé ìyá sọ̀kalẹ̀. Ẹ já kòkó náà sílẹ̀.”

“Ìyá mi kò lè rìn, Ọ̀gá. Torí rẹ̀ ni mo ṣe ra ẹ́ńjìnnì.”

“Ẹ gbọ́ mi. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yẹn lẹ ń fojú tẹ́ḿbẹ́lú. Kò lè sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi jíà kìíní sọ̀ níbí, òun gan-an ló ń di ọkọ̀ mú fún yín. Òun ni bíréèkì yín láti ọdún mẹ́tàdínlógún, ẹ ò mọ̀. Tuntun yìí mọ ìgòkè. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń dini mú. Ẹ gbé ìyá sọ̀kalẹ̀.”

 Ọlọ́kọ̀ wò wá, ó wo ọ̀nà, ó wo ọwọ́ rẹ̀ lórí sítíárìn. Ìyá ló sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, mo ti bẹ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀.”

Fọlárìn, ohun tó ya mí lẹ́nu jù lọ nìyí o, ó ju ti ẹ́ńjìnnì lọ. Ọkùnrin yẹn pa ọkọ̀. Ó bọ́ sílẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó kó o sápò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, níṣojú gbogbo èrò. Obìnrin kan tú ọ̀já ọmọ tirẹ̀ fún un. Wọ́n gbé ìyá pọ̀n ọ́n, wọ́n dì í. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ti wọ ọ̀nà ẹsẹ̀, ìyá fi ẹnu sí i létí, ó ń kì í: “Àjàmú, Àjàmú mi, Àjàmú tí mo pọ̀n kọjá níbí.” Ọ̀nà náà lọ jìnnà, ọkùnrin náà sì ń sunkún lọ.

A já kòkó sílẹ̀ tán pátá. Ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ òun wà nísàlẹ̀, òun yóò fi jíà kìíní wa ọkọ̀ náà sọ̀ lófìfo. Ó gbé wẹ́ẹ̀jì fún mi. Ọkọ̀ náà kò rìn tó ogún ẹsẹ̀ bàtà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ. Mo rí Ọ̀gá tó tẹ bíréèkì. Mo rí èéfín lára táyà. Mo ju wẹ́ẹ̀jì síwájú rẹ̀, ó gùn ún kọjá bí ẹni gun èèpo ẹ̀pà. Ọkọ̀ òfìfo, Fọlárìn! Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ àti ìyá tó wà lẹ́yìn rẹ̀, atẹ́gùn rẹ̀ fẹ́ etí ọ̀já. Ọ̀gá yí sítíárìn, ó fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbá ògiri ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, kí ó má baà já sí àfonífojì.

Ọ̀gá jáde, apá rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n a lọ wo ẹ̀gbẹ́ tó gbá ògiri náà. Ìjókòó iwájú, níbi tí ìyá jókòó sí, ti ká wọnú bí ewé. Irin tí mo ní òkúta kò lè ṣe nǹkan kan fún un. Ọlọ́kọ̀ dúró síbẹ̀, ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ìjókòó yẹn.  Ìyá tí kò ríran ń bi í pé, “Kí ló dé? Kí lẹ ń wò?”  Ẹ̀rù Ọlọ́run bà wá.

Ọ̀gá ṣe bíréèkì náà lọ́jọ́ mẹ́wàá, ó ṣe ìjókòó náà pẹ̀lú. Dókítà gba ojú kan là lára ojú ìyá. Èkejì ti lọ. Dókítà ní ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni.

Ọ̀rọ̀ rẹ dé wàyí. Ẹ̀gbọ́n rẹ ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kí o tó lè wọ yunifásítì. O di ọ̀gá, o ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ, o sì gbé àga ẹ̀gbọ́n rẹ sẹ́yìn àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Ó bínú. Ó ti ń ṣàìsàn báyìí. Láti ìgbà yẹn, o ti rán páànù sí i, o rán dẹ́rẹ́bà, o rán jẹnẹrétọ̀. Lónìí, o wá sọ́dọ̀ mi pé o ti ra ọkọ̀ fún un, kí èmi àti àwọn àgbà mẹ́fà bá ọ gbé e lọ. Ọkọ̀ dára. Mo ti wò ó láti ojú fèrèsé, ó ń dán. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo kí ẹ̀gbọ́n rẹ kẹ́yìn, kò béèrè ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Fọlárìn ńkọ́?”

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Gbogbo agbára tí o ń kó jọ yìí, ti ìgòkè ni. Ohun tó kù láàárín ẹ̀yin méjèèjì, ìsọ̀kalẹ̀ ni, kò sì sí ẹ́ńjìnnì tó lè bá ọ ṣe é. O ní orúnkún méjì, kò tíì sí ohun tó ń ṣe wọ́n. Má dúró di ìgbà tí dókítà yóò sọ fún ọ pé ká ní o tètè wá ni.

Fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yẹn sílẹ̀ lórí tábìlì mi. Ọkọ̀ èrò tó ń lọ sí ìlú yín máa ń gbéra ní aago méje àárọ̀. Dá nìkan wọ̀ ọ́.