Balógun Tó Ní Kí Igbákejì Òun Ṣáájú Lọ Sínú Iná

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kí yín kú ìjókòó. Ẹ fara balẹ̀, kí n mú yín gòkè kọjá òṣùpá, kọjá ibi tí ìyẹ́ ẹyẹ kò lè gbé e dé, lọ sí ilẹ̀ àwọn ìràwọ̀, níbi tí ọba ìkà kan ti ń sé afẹ́fẹ́ mọ́ ìlú tí kò bá forí balẹ̀ fún un.

Adékànḿbí ni balógun àwọn tó dìtẹ̀ sí ọba náà, ọkùnrin sìgbọ̀nlẹ̀ bí igi àràbà, olóhùn ààrá, tó jẹ́ pé bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ogun, arọ a fẹ́ dìde, odi a fẹ́ fèsì. Ṣùgbọ́n ẹnu dùn-ún ròfọ́. Nígbà tí ọkọ̀ òfúrufú wọn dé Odò Iná tó pààlà ìjọba náà, iwin kan tí ojú kún gbogbo ara rẹ̀ dìde láàárín ọwọ́ iná, ó bú ramúramù pé: “Kí olórí yín jáde wá bá mi. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo yín di eérú.”

Adékànḿbí fi ẹ̀yìn rìn kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó yíjú sí igbákejì rẹ̀, Ìbíwùmí, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń tu ọkọ̀ náà. “Ìwọ lọ. Bí balógun bá kú, ogun tú ká nìyẹn.”

“Ṣé torí ogun ni, Balógun, àbí torí ẹ̀mí yín?”

Balógun nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Obìnrin náà jáde. Láti ojú fèrèsé ni Adékànḿbí ti ń wo iná bí ó ṣe ń lá a lọ́wọ́, tí obìnrin náà kò sì padà sẹ́yìn, títí iwin náà fi kúnlẹ̀ pé: “Olórí, kọjá, ìwọ àti àwọn ènìyàn rẹ.” Gbogbo inú ọkọ̀ gbọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni kò bú Adékànḿbí. Wọ́n kàn ń yà fún un lọ́nà bí ẹni ń yà fún àlejò, èyí sì dùn ún ju ẹgba lọ. Ikú yá ju ẹ̀sín, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tó sá fún ikú bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀sín, níbo ni yóò tún sá sí?

Wọ́n ṣẹ́gun ọba ìkà náà. Afẹ́fẹ́ tún fẹ́ sí ìlú gbogbo, àwọn ará ìlú dà síta, wọ́n ń kì Adékànḿbí pé: “Erin tó la iná kọjá!” Ìyá arúgbó kan kúnlẹ̀, ó dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Adékànḿbí gbé e dìde tẹkúntẹkún.

“Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, ìyá. Inú ọkọ̀ ni mo sá pamọ́ sí. Ẹni tó la iná nìyí.”

Gbogbo ìlú yíjú sí obìnrin tí ó nawọ́ sí. Ìbíwùmí fi ọwọ́ tó jóná kàn án léjìká. “Ẹ gbé orí yín sókè, Balógun.”

“N kò lè gbé e,” ni ó wí. Láti ọjọ́ náà ni Ìbíwùmí ti ń ṣe olórí, tí Adékànḿbí sì ń tu ọkọ̀ fún un. Bí wọ́n bá sì ti ń ròyìn ogun náà, Adékànḿbí a dìde, a kúrò láwùjọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ké sí ọmọ aráyé pé kí wọ́n dìde sí aninilára, ẹ gbọ́: ẹni tí yóò ní kí ọmọ ọlọ́mọ wọ iná, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni kó kọ́kọ́ gbóná. Ìtìjú lè wo ènìyàn sàn, ṣùgbọ́n kì í pa àpá rẹ́. Kí Elédùmarè má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi oríkì ẹlòmíràn kì wá.